Ẹ Ti Nọ́ńbà Yín Pa Kí Ẹ Tó Ti Facebook: Ìtọ́sọ́nà fún Ẹni Tó Fẹ́ Pa Àṣírí Ara Rẹ̀ Mọ́ Lórí Ayélujára

Ẹni tó bá fẹ́ dáàbò bo àṣírí ara rẹ̀ lórí ìkànnì abánidọ́rẹ̀ẹ́ sábà máa ń kọ́kọ́ sáré lọ sínú Settings Facebook. Èmi kì í bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Ní Nàìjíríà, nọ́ńbà fóònù ni gbogbo nǹkan so mọ́. Òun ló ń ṣí WhatsApp, òun ló wà nídìí Facebook àti Instagram, òun ni báǹkì ń fi OTP (kóòdù ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí ẹ fi ń fọwọ́ sí owó) ránṣẹ́ sí, ìjọba sì ti ní ká so ó pọ̀ mọ́ NIN láti oṣù Kejìlá ọdún 2020. Ẹni tó bá ti rí nọ́ńbà yín lò ti rí yín mú. Ohun kejì tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ kí a tó bẹ̀rẹ̀ ni pé púpọ̀ nínú àṣírí tó ń tú, kì í ṣe oní gbájúẹ̀ ló kọ́kọ́ tú u. Àwọn ará ilé àti ọ̀rẹ́ ló gbé e síta, tìfẹ́tìfẹ́. Nítorí náà, ìtọ́sọ́nà yìí kò ní parí sórí fóònù yín nìkan.

Ẹ mú fóònù dání, kí ẹ máa ṣe é bí ẹ ṣe ń kà á. Bí orúkọ àwọn ibi tí ẹ ó tẹ̀ ṣe wà lójú fóònù ni mo ṣe kọ wọ́n. Ó lè yàtọ̀ díẹ̀ láti fóònù kan sí èkejì; bí ẹ kò bá rí ọ̀kan, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sínú àpótí ìwákiri tó wà lókè Settings.

Ìgbésẹ̀ kìíní: síìmù

Olè tó já fóònù gbà ní Oṣòdì kò nílò páwọ́ọ̀dù fóònù náà rárá. Yóò yọ síìmù, yóò fi í sínú fóònù mìíràn, gbogbo OTP báǹkì àti kóòdù WhatsApp yóò sì máa wọlé tọ̀ ọ́ wá. PIN síìmù ló lè dí i lọ́nà. PIN yìí yàtọ̀ sí èyí tí ẹ fi ń ṣí ojú fóònù: síìmù fúnra rẹ̀ ló ń béèrè rẹ̀ nígbàkígbà tí ẹnikẹ́ni bá tan fóònù tàbí tó gbé síìmù sínú fóònù tuntun.

Lórí Android, ẹ wá SIM lock nínú Settings. Lórí iPhone, ẹ lọ sí Settings, ẹ wọ ibi tí ọ̀rọ̀ dátà àti síìmù wà, ẹ ó rí SIM PIN níbẹ̀. Ó máa kọ́kọ́ béèrè PIN tí ilé iṣẹ́ tó ni síìmù fi sí i láti ilẹ̀ wá. Ẹ má méfò. Bí ẹ bá ṣì í tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, síìmù á tì pa, á máa béèrè PUK, ìyẹn kóòdù tí wọ́n fi ń ṣí síìmù tó ti tì pa. Bí ẹ bá tún ṣi PUK tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹwàá, síìmù náà kú nìyẹn. Ẹ wo ike tí wọ́n já síìmù kúrò lára rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ rà á, ó lè wà níbẹ̀. Bí ike náà bá ti sọnù, ẹ pe ilé iṣẹ́ náà kí wọ́n sọ ọ́ fún yín. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ yí i padà sí tiyín, kí ó má sì jẹ́ ọdún ìbí yín o.

Ẹ lọ sí Notifications pẹ̀lú, kí ẹ ní kí fóònù má ṣe gbé ohun tó wà nínú tẹ́ẹ̀sì hàn nígbà tó bá wà ní títì. OTP tó yọ lójú fóònù títì, ẹni tó jókòó tì yín nínú dáńfó lè kà á.

Ẹ̀tàn kan tún wà tó ń gba orí síìmù wọlé. Ẹnìkan á pè, á ní òun ń pè láti ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì, pé láìní yín fẹ́ kú, kí ẹ sáré tẹ nọ́ńbà kan tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìràwọ̀ méjì àti 21. Ohun tí nọ́ńbà náà ń ṣe ni pé ó ń darí gbogbo ìpè yín sí fóònù tirẹ̀. WhatsApp sì máa ń pe ẹni tó bá ní òun kò rí tẹ́ẹ̀sì gbà, tí á fi ohùn ka kóòdù fún un. Ẹ ti rí ibi tó ń lọ. Ẹ tẹ *#21# láti mọ̀ bóyá wọ́n ti darí ìpè yín síbòmíràn. Ẹ tẹ ##002# láti pa gbogbo ìdarí rẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní London tàbí Houston, tí ẹ gbé síìmù Nàìjíríà yín jù sínú dúrọ́ọ̀, ọ̀rọ̀ yín kàn. Òfin NCC, àjọ tó ń bójú tó àwọn ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì ní Nàìjíríà, gbà kí wọ́n pa láìní tí kò bá ṣe ohunkóhun tó mówó wọlé fún oṣù mẹ́fà. Bí oṣù mẹ́fà mìíràn bá tún kọjá, wọ́n lè ta nọ́ńbà náà fún ẹlòmíràn. Ẹni tó rà á kò ṣẹ̀, síìmù tuntun ló mọ̀ pé òun rà. Ṣùgbọ́n OTP báǹkì tí ẹ ṣí ní Ìbàdàn yóò máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, àwọn ẹbí tó ṣì ní nọ́ńbà yẹn lọ́wọ́ yóò sì máa bá àjèjì sọ̀rọ̀. Ẹ máa fi káàdì sí i, kí ẹ máa fi í pe ènìyàn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá ti pinnu láti jọ̀wọ́ rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ yọ ọ́ kúrò ní báǹkì, ní ímeèlì àti ní Facebook, kí ẹ sì lo Change number tó wà lábẹ́ Account nínú WhatsApp.

Ìgbésẹ̀ kejì: WhatsApp

Bí wọ́n ṣe ń gba WhatsApp lọ́wọ́ ènìyàn kò le rárá. Oní gbájúẹ̀ á fi nọ́ńbà yín forúkọ sílẹ̀ lórí fóònù tirẹ̀. WhatsApp á fi kóòdù onínọ́ńbà mẹ́fà ránṣẹ́ sí yín. Lójú ẹsẹ̀, ọ̀rọ̀ á wọlé láti ọ̀dọ̀ ẹni tí ẹ mọ̀, tí wọ́n ti gba WhatsApp tirẹ̀ ṣáájú: "Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ẹ jọ̀ọ́ mà, mo ṣèèṣì fi kóòdù ìpàdé àdúrà ránṣẹ́ sórí nọ́ńbà yín. Ẹ bá mi dá a padà mà." Ohùn ọmọlúàbí ni, orúkọ ẹni tí ẹ mọ̀ ló sì wà lókè rẹ̀. Ohun tó fi ń mú àwọn àgbà nìyẹn. Bí ẹ bá fi ránṣẹ́, kí ẹ tó pajú dé, WhatsApp yín ti bọ́, oní gbájúẹ̀ sì ti ń fi orúkọ yín yá owó lọ́wọ́ àwọn ọmọ ìjọ.

Ẹ lọ sí Settings, Account, Two-step verification, kí ẹ tẹ Turn on. Ó máa ní kí ẹ fi PIN onínọ́ńbà mẹ́fà tí ẹ̀yin nìkan mọ̀ sí i, lẹ́yìn náà á béèrè ímeèlì. Ẹ má fo ímeèlì yẹn, nítorí òun ni ẹ máa fi gba ara yín sílẹ̀ bí ẹ bá gbàgbé PIN. Láti ìsinsìnyí lọ, bí kóòdù bá tilẹ̀ jábọ́ sí wọn lọ́wọ́, PIN ló kù tí wọn kò ní. Bí gbogbo ohun tó wà nínú ìtọ́sọ́nà yìí bá pọ̀ jù fún yín, ẹ ṣe èyí nìkan lónìí, kí ẹ sì bá ìyá yín náà ṣe é.

Ẹnìkan tún lè wà nínú WhatsApp yín láì lé yín jáde. Ẹni tó bá di fóònù yín mú fún ìṣẹ́jú kan péré, ì báà jẹ́ ọkọ, ì báà jẹ́ ìyàwó, ì báà jẹ́ ẹni tó ń bá yín tún fóònù ṣe, lè so ó mọ́ kọ̀ǹpútà tirẹ̀, kó jókòó síbẹ̀ máa ka gbogbo ọ̀rọ̀ tó ń wọlé àti èyí tó ń jáde. Ẹ ṣí Linked devices. Èyí tí ẹ kò bá mọ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì tẹ Log out. Ẹ máa wò ó lọ́jọ́ tí fóònù bá ti ọ̀dọ̀ alátùn-únṣe dé.

Nínú Privacy, ẹ yí Last seen and online, Profile photo àti About kúrò lórí Everyone sí My contacts. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí My contacts tàn yín jẹ. Gbogbo ẹni tí ẹ ti fi nọ́ńbà rẹ̀ pamọ́ ni: púlọ́ńbà tó wá lẹ́ẹ̀kan, ajẹ́ńtì tó bá yín wá ilé, ẹni tó ní POS ní ìkòríta. Fún Status, Only share with ló dáa jù, kí ẹ ṣa àwọn tí ọ̀rọ̀ yín kàn. Ní Groups, ẹ fi My contacts sí i, kí ẹni tí ẹ kò mọ̀ rí yé sọ yín sínú gúrúùpù ìdókòwò tó ń sọ owó di ìlọ́po méjì. Ní Calls, ẹ tan Silence unknown callers.

Ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ lórí WhatsApp wà ní títì láti ọ̀dọ̀ yín dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀, àmọ́ ẹ̀dà tí fóònù ń kó pamọ́ sórí Google Drive tàbí iCloud kò wà ní títì bẹ́ẹ̀ àfi tí ẹ bá ní kó wà. Settings, Chats, Chat backup, End-to-end encrypted backup. Ẹ kọ páwọ́ọ̀dù rẹ̀ síbì kan, nítorí bí ó bá sọnù, WhatsApp pàápàá kò lè ṣí i fún yín.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Facebook

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ àwọn ọ̀rẹ́ yín. Ó máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu, wọ́n rò pé fọ́tò ló yẹ ká kọ́kọ́ fi pamọ́. Fọ́tò yín nìkan kò wúlò fún oní gbájúẹ̀. Ohun tó ń ṣe ni pé ó máa kó fọ́tò àti orúkọ yín, á fi ṣí àkáǹtì tuntun, á wá máa tọ àwọn ọ̀rẹ́ yín lọ lọ́kọ̀ọ̀kan: "Àkáǹtì mi àtijọ́ ti ní ìṣòro, èyí ni mò ń lò báyìí." Tí kò bá rí orúkọ àwọn ọ̀rẹ́ yín, kò rí ẹni tó máa tọ̀ lọ. Ẹ lọ sí Settings, How people find and contact you, Who can see your friends list, kí ẹ fi Only me sí i.

Ojú ibẹ̀ náà ni ẹ ó ti rí ẹni tó lè fi nọ́ńbà fóònù wá yín rí. Ẹ fi Only me sí ìyẹn náà. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2021, àkójọ ìsọfúnni àwọn 533 mílíọ̀nù ènìyàn tó ń lo Facebook jáde lọ́fẹ̀ẹ́ sórí ayélujára, nọ́ńbà fóònù wọn sì wà nínú rẹ̀. Àwọn tó kó o kò já páwọ́ọ̀dù ẹnikẹ́ni. Irinṣẹ́ tí Facebook ṣe kí ènìyàn lè fi nọ́ńbà inú fóònù rẹ̀ wá ọ̀rẹ́ ni wọ́n lò, ṣáájú oṣù Kẹsàn-án ọdún 2019, wọ́n ń da nọ́ńbà rẹpẹtẹ sínú rẹ̀ láti wo orúkọ tó máa jáde.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wá Limit past posts. Títẹ̀ kan péré ló ń sọ gbogbo ohun tí ẹ ti kọ sí Public láti ọdún pípẹ́ wá di ti àwọn ọ̀rẹ́ yín nìkan. Kò sí títẹ̀ kan tó lè dá a padà o, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ẹ ó máa yí i, nítorí náà ẹ rò ó bí ẹ bá ń fi Facebook tajà. Nínú Profile and tagging, ẹ tan Review, kí ohun tí wọ́n bá so orúkọ yín mọ́ máa kọ́kọ́ gba ọ̀dọ̀ yín kọjá. Ọjọ́ ìbí: kí àwọn ọ̀rẹ́ máa rí ọjọ́ àti oṣù, kí wọ́n lè kí yín, kí ọdún jẹ́ Only me.

Ó ku Apps and websites. Ibẹ̀ ni orúkọ gbogbo eré "irú ọba wo lo jẹ́ láyé àtijọ́" tí ẹ ti fi Facebook wọ̀ wà. Ẹ yọ wọ́n dànù. Nínú ọ̀ràn Cambridge Analytica, ilé iṣẹ́ kan tó ń fi ìsọfúnni àwọn ènìyàn ṣiṣẹ́ fún àwọn olóṣèlú, tó tú síta lọ́dún 2018, nǹkan bí 270,000 ènìyàn ló gba irú áàpù ìbéèrè bẹ́ẹ̀ wọlé. Àwọn tí ìsọfúnni wọn bá a lọ, gẹ́gẹ́ bí Facebook fúnra rẹ̀ ṣe kà á, tó 87 mílíọ̀nù. Àwọn yòókù kò tẹ ohunkóhun, ọ̀rẹ́ wọn ló tẹ̀ ẹ́.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: àwọn tó fẹ́ràn yín

Ibí yìí ni kò sí Settings fún, ibẹ̀ gan-an ni àṣírí àwa Yorùbá sì ti ń jò jù. Bí ikú ilé kò pani, tòde ò lè pani.

Ẹ mú ìwé ètò ìsìnkú àgbàlagbà èyíkéyìí wò. Orúkọ olóògbé, ọjọ́ ìbí rẹ̀, agboolé rẹ̀, orúkọ ìdílé tí wọ́n ti bí i kó tó lọ ilé ọkọ, orúkọ àwọn ọmọ láti orí àkọ́bí dé àbígbẹ̀yìn, orúkọ tuntun tí àwọn obìnrin inú wọn ń jẹ́ nílé ọkọ, orúkọ àna, ilé tí wọ́n máa sin ín sí, àti ọjọ́ tí gbogbo ilé tó kù máa dá páro. A ó wá ya fọ́tò rẹ̀, a ó gbé e sórí Facebook, Public. Kò sí oní gbájúẹ̀ tó lè fi owó ara rẹ̀ ṣe ìwádìí tó jinlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Àwọn báǹkì kan sì wà tó jẹ́ pé orúkọ ìdílé tí wọ́n ti bí ìyá yín ni wọ́n ṣì fi ń dá yín mọ̀.

Mi ò ní kí ẹ má tẹ ìwé ètò. Ẹ tẹ̀ ẹ́ kí ó rẹwà, kí ẹ pín in fún àwọn tó wá. Lórí ayélujára, fọ́tò olóògbé àti ọjọ́ ayẹyẹ ti tó. Ẹ fi àdírẹ́sì ránṣẹ́ sí àwọn tí ẹ pè níkọ̀kọ̀. Ní ti ìbéèrè báǹkì yẹn, ẹ má fi òótọ́ dáhùn. Ohun tí ẹ kọ sílẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni báǹkì fẹ́ gbọ́, kò ní lọ sí agboolé yín lọ béèrè. Ẹ kọ orúkọ èso kan, ẹ kọ orúkọ odò kan, kí ẹ sì rántí ohun tí ẹ kọ.

Ìsọmọlórúkọ náà nìyẹn. Ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ, gbogbo ayé ti mọ orúkọ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ọjọ́ tí wọ́n bí i, ìṣẹ́jú tí ó wọlé ayé àti ọsibítù rẹ̀. Orúkọ àti ọjọ́ ìbí yìí ló máa fi gba NIN, òun ló máa fi ṣí báǹkì lọ́jọ́ iwájú, kò sì ní rọrùn fún un láti pààrọ̀ wọn. Lójú tèmi, oríkì rẹ̀ tó fún àwọn ará Facebook. Ẹ pè é ní Àjọkẹ́ tàbí Àkànní níbẹ̀, kí àwọn tó wá síbi ìkómọ mọ ìyókù. Bí ó bá sì tó ilé ìwé, ẹ gé fọ́tò rẹ̀ kí báàjì àyà yúnífọ́ọ̀mù má hàn. Báàjì yẹn ń sọ ibi tí ọmọ yín máa wà láàárọ̀ ọjọ́ Ajé.

Èyí tó kan ìrìn: ẹ fi fọ́tò síta lẹ́yìn tí ẹ bá ti kúrò níbẹ̀, pàápàá bí ó bá jẹ́ ọ̀nà àárín ìlú sí ìlú ni ẹ wà. Àwọn ajínigbé náà ń lo fóònù. Ẹ pa Location nínú kámẹ́rà. WhatsApp máa ń yọ ibi tí wọ́n ti ya fọ́tò kúrò lára fọ́tò tí ẹ bá fi ránṣẹ́ bí a ṣe ń ṣe é lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi í ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí Document, kò ní yọ ọ́.

Àwọn tó ń jápa, ẹ kú oríire. Ẹ má ṣe gbé bọ́dínpáàsì síta. Ẹ lè fi ìka bo orúkọ, àmì dúdú-funfun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ṣì ní orúkọ náà nínú àti nọ́ńbà tí wọ́n fi gba tíkẹ́ẹ̀tì. Áàpù ọ̀fẹ́ ń kà á. Orúkọ ìdílé àti nọ́ńbà yẹn tó fún ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfúrufú láti ṣí ètò ìrìnnà yín fún ẹnikẹ́ni. Físà àti ojú ìwé páásípọ̀ọ̀tù, àti ìwé ìpè NYSC, bákan náà ni. Ẹ ya bàtà yín lẹ́gbẹ̀ẹ́ báàgì, gbogbo wa á mọ̀ pé ẹ ti ń lọ.

Àwọn ojú ìwé Facebook kan á kọ ọ́ pé: "Kọ orúkọ ìyá rẹ àti ọjọ́ ìbí rẹ sísàlẹ̀, wòlíì fẹ́ gbàdúrà." Àmín orí tábìlì nílé yín tó.

Báwo wá ni ẹ ṣe máa sọ fún Àǹtí tó ti gbé fọ́tò ọmọ yín síta? Ẹ má pàṣẹ, ẹ má sì fi ẹ̀kọ́ nípa ayélujára lé wọn lórí nínú gúrúùpù ẹbí níbi tí gbogbo ènìyàn wà. Ẹ kọ sí wọn níkọ̀kọ̀, kí ẹ sì fi nǹkan rọ́pò rẹ̀: "Ẹ ṣé gan-an ni mà, fọ́tò yẹn dùn mọ́ wa. Ẹ jọ̀ọ́ Àǹtí, orúkọ ilé ìwé hàn nínú rẹ̀. Èyí tó tún dáa jù ú lọ nìyí, ẹ bá wa fi pààrọ̀ rẹ̀." Àgbàlagbà tí ẹ fún ní fọ́tò tó dáa jù kò ní rò pé ẹ gba nǹkan lọ́wọ́ òun. Ní ti olórin àti oníkámẹ́rà tó ń gbé òde yín sórí ayélujára bó ṣe ń lọ lọ́wọ́, ìgbà tí ẹ bá ń san àsansílẹ̀ ni kí ẹ ti sọ ọ́, kì í ṣe nígbà tí ìnáwó ti bẹ̀rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: áàpù owó yíyá

Àwọn áàpù owó yíyá kan, kí wọ́n tó yá yín ní owó kékeré, wọ́n á ti kó gbogbo nọ́ńbà inú fóònù yín. Ọjọ́ tí ẹ bá pẹ́ san, wọ́n á kọ ránṣẹ́ sí pásítọ̀ yín, ọ̀gá yín, àna yín, pé olè ni yín. Ìdójútì yìí pọ̀ débi pé FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà, ya wọ ilé iṣẹ́ àwọn ayánilówó kan ní Èkó ní oṣù Kẹta ọdún 2022. Láti ìparí oṣù Karùn-ún ọdún 2023, Google kò gbà kí áàpù owó yíyá tó wà lórí Play Store wo nọ́ńbà tàbí fọ́tò inú fóònù mọ́. Èyí tí wọ́n bá fi líǹkì rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín pé kí ẹ gbà á láti ibòmíràn, ẹ mọ ìdí tí kò fi sí lórí Play Store. Ẹ wo orúkọ ayánilówó nínú àkójọ tí FCCPC fọwọ́ sí, kó wà lórí ìkànnì wọn, kí ẹ tó tẹ ohunkóhun.

Ẹ wá ṣí Permission manager nínú Settings Android. Ẹ tẹ Contacts, ẹ wo àwọn áàpù tó ń rí nọ́ńbà àwọn ènìyàn yín. Iná tọ́ọ̀ṣì kò nílò nọ́ńbà ìyá yín. Ẹ ṣe bákan náà fún Location àti Microphone.

Àwọn yòókù, ní kíákíá

Instagram: Private account, bí ẹ kò bá fi tajà. TikTok: ẹ pa Sync contacts àti Suggest your account to others, nítorí àwọn ni wọ́n fi ń gbé fídíò ijó yín lọ bá ọ̀gá yín níbi iṣẹ́. Ẹ tún mọ̀ pé bí ẹ bá fi líǹkì TikTok ránṣẹ́ sí gúrúùpù, ẹni tó tẹ̀ ẹ́ lè rí orúkọ àkáǹtì yín. X: nínú Discoverability, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi nọ́ńbà tàbí ímeèlì wá yín. Telegram: Privacy and Security, Phone Number, Nobody. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé àṣírí wà lórí Telegram ju WhatsApp lọ, irọ́ ni. Ọ̀rọ̀ tí ẹ ń sọ níbẹ̀ lójoojúmọ́ kò wà ní títì láti ọ̀dọ̀ yín dé ọ̀dọ̀ ẹnìkejì, àfi Secret chat nìkan.

Bí ó bá ti ṣẹlẹ̀

Bí wọ́n bá ti gba WhatsApp yín, ẹ má kọ́kọ́ bá wọn jà. Ẹ tún fi nọ́ńbà yín forúkọ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Bí kóòdù tuntun bá ti wọlé sórí síìmù yín, tí ẹ sì fi sí i, WhatsApp á lé ẹni náà jáde. Bí ó bá jẹ́ pé ó ti fi PIN tirẹ̀ sí i, ẹ ó dúró fún ọjọ́ méje kí ẹ tó lè wọlé láìsí PIN, ṣùgbọ́n òun náà ti wà níta láti ìgbà tí ẹ ti tẹ kóòdù yẹn. Nígbà tí ẹ ń dúró, ẹ fi tẹ́ẹ̀sì lásán àti ìpè kéde fún àwọn ènìyàn yín, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn tó lè fún yín lówó láì béèrè ìdí: ìyá, ẹ̀gbọ́n, akápò ẹgbẹ́.

Bí ẹnìkan bá ń fi fọ́tò ìhòòhò yín halẹ̀ mọ́ yín, ẹ má san kọ́bọ̀. Ẹni tó gba owó lẹ́ẹ̀kan á tún padà wá. Ẹ ya àwòrán gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ kí ọjọ́ àti nọ́ńbà hàn, kí ẹ tó dí i pa. Ìkànnì StopNCII.org wà fún ẹni tó ti lé ní ọdún 18: fóònù yín fúnra rẹ̀ ló máa ṣe àmì ìdánimọ̀ kan láti ara fọ́tò náà, fọ́tò kò ní kúrò lọ́wọ́ yín, àmì yẹn ni Facebook, Instagram, TikTok àtàwọn mìíràn á fi dá a mọ̀ kí wọ́n lè dènà rẹ̀. Take It Down wà fún àwọn tí kò tíì pé ọdún 18 nígbà tí wọ́n ya fọ́tò náà. Ẹ fi ẹ̀rí kan náà lọ sí ẹ̀ka ọlọ́pàá tó ń rí sí ìwà ọ̀daràn orí ayélujára, nítorí ìhàlẹ̀ bẹ́ẹ̀ lòdì sí òfin Cybercrimes ti ọdún 2015.

Òfin wà lẹ́yìn yín. Abala 37 ìwé òfin Nàìjíríà dáàbò bo àṣírí ará ìlú, ilé rẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ àti ìpè fóònù rẹ̀. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà ọdún 2023 ni Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni, èyí tó gbé àjọ NDPC kalẹ̀. Lábẹ́ rẹ̀, ẹ lè béèrè lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ èyíkéyìí pé kí ni wọ́n ní nípa yín, ẹ lè ní kí wọ́n tún un ṣe, ẹ sì lè ní kí wọ́n pa á rẹ́. Àwọn àjọ wa kò sì kàn jókòó lásán: ní oṣù Keje ọdún 2024, FCCPC bu owó ìtanràn 220 mílíọ̀nù dọ́là fún Meta, tó ni WhatsApp, lórí bí wọ́n ṣe ń lo ìsọfúnni àwọn ọmọ Nàìjíríà, ìgbìmọ̀ ìgbẹ́jọ́ tó wà fún irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀ sì fọwọ́ sí i ní oṣù Kẹrin ọdún 2025. Ní ti àjọ tó ń dáàbò bo ìsọfúnni bíi NDPC, àwọn ará orílẹ̀-èdè Benin ní APDP, àwọn tó wà ní Britain ní ICO.

Nígbà tí ẹ bá ń kọ̀wé sí NDPC, ẹ kọ́kọ́ kọ sí ilé iṣẹ́ tó ṣẹ̀ yín, kí ẹ sì tọ́jú èsì wọn, tàbí ẹ̀rí pé wọn kò fèsì. Ẹ kọ ọjọ́ tí nǹkan ṣẹlẹ̀, irú ìsọfúnni tó jáde, àti ohun tí ẹ fẹ́ kí wọ́n ṣe. Ẹ so àwòrán ojú fóònù mọ́ ọn. Ẹ má kọ NIN tàbí BVN yín sínú lẹ́tà náà àfi tí wọ́n bá béèrè fún un ní tààrà, láti orí ímeèlì àjọ náà gan-an.